Ọjọ́ tí mo lọ wo ewé pupa ní Westonbirt

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí ọgbà igi tó wà ní Westonbirt, ní agbègbè Gloucestershire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìparí oṣù kọkànlá ni mo lọ. Ìjì ti jà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó sì ti gbọn gbogbo ewé sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ka tó wà ní ìhòòhò àti ẹrẹ̀ ni mo bá. Mo sanwó ìwọlé, mo fi bàtà tí kò yẹ kí ó jáde kúrò nínú yàrá rìn fún wákàtí méjì, mo sì gbé ọ̀fìnkìn padà sí Bristol. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ lọ́dún tó kọjá pé àwọn ń lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá, tí wọ́n sì ní àyè ẹnì kan ṣì kù nínú ọkọ̀ àwọn, n kò jẹ́ kí wọ́n tún un sọ.

Ìrìn náà kò tó wákàtí kan láti Bristol. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tetbury ló wà nítòsí ọgbà náà. Olówó kan tó ń jẹ́ Robert Holford ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi síbẹ̀ ní ọdún 1829, ní àkókò tí àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń náwó rán ènìyàn lọ sí òkè òkun láti wá irúgbìn tí ẹlòmíràn kò tíì ní. Bí ẹ bá bi mí, èmi yóò ní ìfigagbága ló gbin púpọ̀ nínú àwọn ọgbà ńláńlá wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n àwa tí a bá wọn jẹ nínú rẹ̀ kò ní ìjà kankan. George, ọmọ rẹ̀, ló bá a tẹ̀ síwájú, ọgbà náà sì bọ́ sọ́wọ́ Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ní ọdún 1956. Igi ibẹ̀ báyìí tó nǹkan bí 15,000, oríṣi wọn sì tó 2,500.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé Holford kò kàn da igi síbẹ̀. Ó gbin àwọn igi tí ewé wọn máa ń tutù yọ̀yọ̀ láti ọdún dé ọdún sí ẹ̀yìn, ó wá fi àwọn tó ń yí àwọ̀ padà síwájú, gẹ́gẹ́ bí aláró ṣe ń jẹ́ kí aró tó dúdú kirikiri gbé funfun tó wà lára àdìrẹ yọ. Láti ọ̀nà jíjìn, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan dáná sínú igbó. Àwọn igi maple tó ti ilẹ̀ Japan wá ló pọ̀ jù níbi tí a kọ́kọ́ yà sí. Wọn kì í ga púpọ̀, ènìyàn sì lè bọ́ sábẹ́ wọn bí ẹni wọ abẹ́ agboòrùn. Mo ṣa ewé kan nílẹ̀, nítorí kò dára kí a já a lórí igi. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún méjì lọ, ó sì ní ìka méje. Ṣóńṣó àwọn ìka náà pọ́n bí ata rodo, àárín rẹ̀ dà bí epo, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tútù ṣì kù fínnífínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan rẹ̀, bíi pé ó ṣì ń ronú lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo sì yí ojú kámẹ́rà sí àwọn igi náà.

“Ṣé ewé tó ń kú lọ lẹ sanwó láti wò?” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tẹnu wọn jáde.

Ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì kí Màmá dáadáa. Èmi ní tèmi ń gbìyànjú láti ṣàlàyé, nítorí òjìji àti oòrùn kò jẹ́ kí kámẹ́rà náà mú àwọ̀ wọn bó ṣe yẹ. Mo ní gbogbo wọn ló pupa, wọ́n ní pupa báwo? Ìgbà yẹn ni mo rí i pé èmi tí mo máa ń ṣàròyé pé èdè wa kó àwọ̀ mẹ́ta sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ni mi ò tíì ronú jinlẹ̀. Mo ní, Màmá, èyí pupa bí epo tuntun, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pupa bí osùn, èyí tó wà lápá ọ̀tún pọ́n bí ìyeyè tó ti bọ́ sílẹ̀, àwọ̀ obì sì ni tí ọ̀hún yẹn. Láìpẹ́, wọ́n dá mi dúró.

“Mo ti rí i. Ewé fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ilé wa ní Ìbàdàn, púpọ̀ nínú igi kàn máa ń gbẹ, ewé wọn á di àwọ̀ ilẹ̀, á sì já bọ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé igi fúrúùtù máa ń pọ́n kí ó tó wọ́, ewé kan lè pupa nígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbá a láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe iṣẹ́.

Ìdí tí ewé Westonbirt fi ń yí àwọ̀ padà kò ṣòro. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú tí òtútù sì ń wọlé, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó wúlò nínú ewé rẹ̀ padà sára, á sì dẹ́kun àtiṣe èròjà tó ń mú kí ewé tutù. Àwọ̀ ìyeyè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èròjà yẹn ló bò ó mọ́lẹ̀. Ti pupa gidi yàtọ̀, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni igi fi ṣúgà tó kù nínú ewé ṣe é. Ìdí nìyí tí ọdún tí oòrùn bá ràn lọ́sàn-án, tí òtútù sì mú lóru láìtíì di yìnyín, fi máa ń lẹ́wà jù. Lẹ́yìn náà ni igi á dí ìdí ewé pa, atẹ́gùn á sì ṣe èyí tó kù.

Bí a ṣe ń lọ, òórùn kan lù mí nímú, mo sì dúró gbagidi. Òórùn baba dúdú ni, nígbà tí ṣúgà inú ìkòkò bá ti fẹ́ jóná. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń wá ẹni tó ń ta nǹkan. Igi ni. Katsura ni orúkọ tó wà lára pátákó rẹ̀, láti Japan ni òun náà ti wá, ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, ó sì ti di àwọ̀ ìyeyè. Ewé tó ti wọ́ sílẹ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. A pẹ́ lábẹ́ igi náà ju ibikíbi lọ, a sì ń rẹ́rìn-ín ara wa bí a ṣe ń kó ewé sí imú.

Kì í ṣe ewé nìkan ni ènìyàn ń wò lásìkò yìí. Igi kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní spindle, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti hù. Èso rẹ̀ kò ju ẹ̀wà lọ, èèpo rẹ̀ pọ́n bí òdòdó, ó sì là sí mẹ́rin láti fi hóró tó ní àwọ̀ ọsàn hàn. Ẹni tó bá ti rí iṣin tó la ẹnu lórí igi ti rí i, àfi pé májèlé ni gbogbo tirẹ̀.

Ewé maple yẹn ṣì wà láàárín ìwé kan ní yàrá mi, ó ti ṣá. Ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an ní Ìbàdàn, ìyá mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp: ewé fúrúùtù kan ṣoṣo, ó pupa bí osùn, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Mo ti gbá ìyókù kí n tó rántí rẹ.”