Róòmù orí 16, tòun ti òróró àkàrà

Ẹ má bínú sí mi, ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pé ọdún mẹ́ta tí màámi ti lọ, mo wá gbé Bíbélì wọn jáde nínú báàgì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó o sí, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí mi ò tíì lè dá a padà.

Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ni o, èyí tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe parí ní 1884, tí Yorùbá inú ẹ̀ le bí eegun. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, sẹ́lótéèpù ló dì í mú. Mo gbé e sórí tábìlì, ó sì ṣí fúnra ẹ̀. Mo rò pé Sáàmù 23 ni màá rí, tàbí 121, bíi ti gbogbo ìyá. Rárá o, Róòmù orí 16 ni. Òróró ti mu ojú ìwé yẹn yó débi pé tí ẹ bá gbé e sókè síbi iná, ẹ ó máa rí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bí ẹni ń wo inú láílọ́ọ̀nù.

Ẹni tí ò bá rántí orí yẹn, orúkọ ló kún inú ẹ̀. Ẹ bá mi kí lágbájá, ẹ bá mi kí tàmẹ̀dù, ẹ kí àwọn ará ilé tàmẹ̀dù. Èmi ò rántí pásítọ̀ kankan tó wàásù níbẹ̀ rí.

Àkàrà ni màámi ń dín, ní Gáà-Akanbí níbí n'Ilorin. Wọ́n á ti bó ẹ̀wà mọ́jú, aago mẹ́rin àárọ̀ a ti wà nídìí ẹ̀rọ, kó tó di aago mẹ́fà agbada ti ń hó. Wọ́n á gbé Bíbélì sórí àpótí, wọ́n á máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí àkàrà, ìka ọwọ́ òsì á máa tọ ìlà, tí àkàrà bá ta òróró sí i wọ́n á fi ìdí ìró nù ún. Wọn ò lọ iléèwé kankan o. Abúlé kan lẹ́bàá Igbájà ni wọ́n ti dàgbà, Igbájà tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì SIM dá ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sí ní 1941, tó ti di sẹ́mínárì ìjọ ECWA báyìí. Kíláàsì ìrìbọmi ni wọ́n ti kọ́ a, b, d, wọ́n ní olùkọ́ wọn kò jẹ́ kí ẹni tí ò bá lè ka ẹsẹ kan dé inú odò.

Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló wà nínú orúkọ àwọn ará Róòmù gan-an. Wọ́n ní, "Ṣé o ò rí i pé Pọ́ọ̀lù mọ èèyàn kí ni? Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé, síbẹ̀ kò gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ò lè kí ará ilé kejì, kí ló fẹ́ bá Ọlọ́run sọ?"

Bí àdúrà wọn náà ṣe rí nìyẹn, orúkọ, orúkọ, orúkọ. Ọmọ tó ń kiri ògì. Dírẹ́bà tó jẹ wọ́n lówó àkàrà látọjọ́ tó ti pẹ́. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin tí mo mọ̀ dájú pé wọn ò fẹ́ràn, torí ohùn wọn máa ń yí padà díẹ̀ tí wọ́n bá dé orí ẹ̀. Ààfáà ilé kejì àti ìyàwó ẹ̀ (ní Kwara níbí, ta ni ò ní mùsùlùmí nínú ẹbí? Àbúrò màámi gan-an, Alhaji ni), tó bá sì ti di Ramadan, ìrọ̀lẹ́ náà ni wọ́n máa ń dín in, àkàrà ìṣínu Ààfáà kò gbọdọ̀ tutù. Màámi kì í pariwo àdúrà sì ni. Bàbá onílé wa jẹ́ ọmọ ìjọ CAC, ọmọ Odo-Owa, ìlú Wòlíì Babalọlá tí ìsọjí 1930 ti ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi yangàn, tí àwọn bá gbàdúrà, òrùlé á mọ̀. Màámi á ní àwọn ò bá wọn jà, pé Ọlọ́run ń gbọ́ méjèèjì.

Àmọ́ o, tí màámi bá fẹ́ bá ẹ wí, àdúrà ni wọ́n máa fi bá ẹ wí. Mo wà ní JSS 2 nígbà tí mo gbé igbá àkàrà lọ, mo rí àwọn ọmọ kíláàsì mi lókèèrè, mo sá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan, gbogbo ẹ̀ tutù mọ́ mi lórí. Mo délé mo ní ọjà ò tà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú gbogbo ilé: "Olúwa, mo mú ọmọ mi wá síwájú Rẹ, èyí tó ń jẹ owó àkàrà tí àkàrà ń tì lójú." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò lè ṣe àmín, ẹ̀rín ti pa á. Títí dòní mi ò mọ ẹni tó lọ sọ fún wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú màámi, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ní ọsibítù. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ibẹ̀.

Nígbà tó di alẹ́ àìsùn, tí kánópì gba iwájú ilé, pásítọ̀ ní kí ọmọ olóògbé ka Bíbélì, wọ́n ti ṣí Òwe 31 sílẹ̀ fún wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní rárá, ó lọ gbé Bíbélì olóróró yẹn jáde. Ojú pásítọ̀ yí díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń kà á lọ, ó dé orí Tírífénà àti Tírífósà, ahọ́n ẹ̀ kọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìlà tó tẹ̀ lé e, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí wọ́n bá òun kí Rúfọ́ọ̀sì àti ìyá ẹ̀, tó jẹ́ ìyá tòun náà, ohùn ẹ̀ ò jáde mọ́. Èmi ni mo gbà á parí.

Bí mo ṣe pa Bíbélì dé, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ìyàwó Ààfáà, tí wọ́n jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìborùn wọn, wá ní, "Ẹ ò mà dárúkọ tiwa o. Ìyá kì í fò wá."