Ọmọ tí wọ́n bá fi oògùn olóró lọ̀ ládùúgbò wa

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ní Ìkòròdú, lápá ibi tí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti máa ń lé èèyàn wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé "ṣáà sọ pé o ò fẹ́" ò tó ọmọ ọdún 12 lò.

Ẹni tó ń fi lọ̀ wọ́n kì í ṣe àjèjì. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò ni, ẹni tó ń sanwó fún wọn nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, tó sì ń gbèjà wọn bí ọmọ àdúgbò kejì bá fẹ́ lù wọ́n. Kò ní yọ igbó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ike sóbò tútù nini ló máa nà sí ọmọ, wọ́n á sì ti po igbó, kodíìnì àti tramadol mọ́ ọn. Òun ni wọ́n ń pè ní skuchies. Látọdún 2018 nìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkodíìnì àti kíkó o wọlé, síbẹ̀ kò tán nígboro.

Bí ọmọ bá wá là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn pé "Mi ò mu, kò dáa," ó ti rí ẹ̀gbọ́n yẹn fín nìyẹn. Wọ́n lè ní òun ló máa lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Níbi tí wọ́n ti ń yọ àdá síra wọn, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́.

Àwọn tó ń bọ́ níbẹ̀, ọgbọ́n ni wọ́n ń dá. Ọmọkùnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mọ́mì mi máa ń gbóòórùn ẹnu mi kí n tó wọlé. Wọ́n á lé mi síta." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an, torí ìyá ló di ẹ̀bi lé lórí. Irọ́ sì kọ́, ìyá náà ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀ lóòótọ́! Mo ti bẹ àwọn ìyá míì kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọmọ lè rí nǹkan sọ. Ọmọbìnrin kan, tòun ti kẹ́ẹ̀gì omi ló máa ń kọjá: "Wọ́n rán mi níṣẹ́, wọ́n ń retí mi."

Kí wọ́n má tiẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ló dáa jù, ọwọ́ àwa àgbà nìyẹn sì wà. Ẹ yé rán ọmọ lọ ra paraga àti sìgá lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn ní méjì-méjì bọ̀ wálé.

Bí ọmọ bá sì sọ fún yín, ẹ má sáré lọ kó ẹ̀gbọ́n yẹn lójú ní títì. Ọmọ yín ló máa gbabẹ̀ kọjá lọ́la. Ẹ pe NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, lórí 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Bí ọmọ bá ti tọ́ ọ wò pàápàá, orí nọ́ńbà yẹn náà lẹ ti máa rí ẹni bá a sọ̀rọ̀.