Ní Abingdon mọ́tò ló kó wa jọ, ní Ẹ̀pẹ́ àwa là ń kó mọ́tò jọ

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, apá Èkó-Ẹ̀pẹ́, níbi tí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n kúrò ní Èkó lọ́dún 1851. Abingdon ni mò ń gbé báyìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kékeré kan létí odò Thames, kò jìnnà sí Oxford. Àwọn ìlú méjèèjì jọ ara wọn lójú mi. Omi wà nísàlẹ̀ ìlú, àwọn àgbà mọ ilé tí oníkálukú ti jáde wá, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ti ibẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni bí èèyàn ṣe ń rí ẹni bá jókòó. Ní Ẹ̀pẹ́, kí o ṣáà ti gbé àga síta. Ní Abingdon, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ẹ jọ ń ṣe kí ẹ tó lè máa wọlé ara yín. Tèmi ni ẹgbẹ́ onímọ́tò sípọ́ọ̀tì, òun ló sọ mí di ará àdúgbò níbí.

Kò yani lẹ́nu pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní ìlú yìí. Láti 1929 títí di 1980, Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe mọ́tò MG. Lẹ́tà méjì yẹn wá láti ara Morris Garages, ilé ìtajà àti àtúnṣe mọ́tò kan ní Oxford tí Cecil Kimber jẹ́ máníjà rẹ̀. Kimber ló mú mọ́tò Morris tí gbogbo èèyàn ń gùn, tó wọ̀ ọ́ ní ara mìíràn tó fúyẹ́ tó sì lẹ́wà. Lọ́dún 1930 àwọn tó ń gun MG dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, MG Car Club, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ilé iṣẹ́ náà wà nígbà náà. Ilé iṣẹ́ ti ti ìlẹ̀kùn, àwọn ará Ṣáínà ló ni orúkọ MG báyìí, ẹgbẹ́ ò tú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí a jọ ń pàdé ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ yẹn nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò mi, ó máa ń ti ìlẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì láti gbọ́ bó ṣe ń dún. MGB ni tèmi, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1962 títí tí ilé iṣẹ́ fi kú, tí iye rẹ̀ lé ní 500,000: ìjókòó méjì, òrùlé aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀.

Àwa náà ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Volkswagen wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ìjàpá lọ́dún 1975. Bàbá mi gun ọ̀kan. Nígbà tí bàbá mi dákẹ́, ẹni tó ń ra irin àlòkù ló wá gbé mọ́tò náà. Ó dùn mí títí di òní. Níbí, mọ́tò tó bá ti lé ní 40 ọdún kì í san owó orí lójú ọ̀nà mọ́, kò sì pọn dandan kí wọ́n máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Ìjọba gbà pé olówó rẹ̀ ń tọ́jú ohun ìní gbogbo ìlú. Nílé, mọ́tò àgbàlagbà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá dúró lójú ọ̀nà láti béèrè ìwé rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù la máa ń pàdé ní ilé ọtí àtijọ́ kan. Mùsùlùmí ni mí, omi ọsàn ni mò ń mu, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀. Oníkálukú ló ń ra ohun tó ń jẹ. Kò sí aṣọ ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó ń gba máíìkì, kò sí olórin. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé báwo ni mọ́tò. Ní Ẹ̀pẹ́, a ó kí ilé, a ó kí ọ̀nà, ìyàwó, ọmọ, iṣẹ́, ká tó dé orí ọ̀rọ̀. Níbí, inú mọ́tò ni gbogbo ìkíni yẹn wọ̀ sí. Bí ọkùnrin kan bá ní òun ò tíì gbé mọ́tò jáde látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ pé ara rẹ̀ ni kò yá, tàbí pé ilé ò rọgbọ. Ẹnìkan á ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá bá a wo bátìrì. Bátìrì lè má ní nǹkan kan tó ṣe é. Ó máa lọ ṣá, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ẹni tó bá ní òyìnbó kì í bẹ ara wọn wò kò tíì dé gàráàjì wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣòro fún mi ni orúkọ. Ẹni ọdún 80 ló ní kí n máa pe òun ní orúkọ òun gan-an, bí ẹni pé a jọ lọ sílé kéú. Nílé, ọmọ tó bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ lásán, àwọn tó wà nítòsí á dá a lóhùn kí ẹni tí wọ́n pè tó dáhùn. Mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí, nítorí òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì gba ohun tó bá nà sí mi. Ó ti kíyè sí i. Ní báyìí òun náà ń fi méjèèjì gbà á lọ́wọ́ mi.

Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án, ìrìn Ọjọ́ Àìkú ló gba gbogbo wa. Ẹni tó bá kàn á ya ìwé ọ̀nà: àwòrán oríta kọ̀ọ̀kan, àmì róbótó níbi tí o ti ń bọ̀, ọfà níbi tí o ń lọ, pẹ̀lú iye máìlì tó wà láàárín oríta kan àti èkejì. Ìdíje mọ́tò kan ní Netherlands, Tulip Rally, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949, ni wọ́n fi ń pe irú àwòrán yìí. Ìyàwó mi ló ń ka tiwa. Ọ̀nà abúlé là ń tọ̀, àárín igbó, lórí afárá òkúta tó gba mọ́tò kan ṣoṣo, títí a ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíì àti kéèkì. Ọjọ́ Àìkú kan tún wà ní oṣù Kẹrin tí gbogbo onímọ́tò àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ń jáde, láti rántí ìrìn 1,000 máìlì tí wọ́n rìn lọ́dún 1900 láti London dé Edinburgh àti padà, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbà pé mọ́tò ṣeé gbára lé. Oòrùn díẹ̀ ló ń tó wọn. Bó bá ti yọ báyìí, gbogbo òrùlé á ti ká sẹ́yìn, bí òtútù tilẹ̀ ń fẹ́, fìlà lórí, híítà lẹ́sẹ̀.

Ẹ bá mi ká lọ sí Ẹ̀pẹ́. Oòrùn tiwa kò gba òrùlé kíká, bẹ́ẹ̀ ni gálọ́ọ̀pù kò gba mọ́tò tí ìdí rẹ̀ wà nílẹ̀. Síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àwọn olówó Èkó máa ń gbé mọ́tò olówó ńlá gba ọ̀nà Lẹ́kì wá, wọ́n á ra ẹja ní ọjà Olúwo, wọ́n á sì yí padà. A máa ń wò wọ́n. Àwọn ọmọ wa ní tiwọn, Camry àti Honda tókunbọ̀, àwọn ló sì fún wọn lórúkọ: Big Daddy, Muscle, End of Discussion. Kò sí ìlú mìíràn tí mo mọ̀ tó ń sọ mọ́tò lórúkọ bíi tiwa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá wà, tàbí tó bá di ìgbà ọdún Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́ tí ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi wọ aṣọ tuntun jáde, ẹ ó rí wọn tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, iná ń ṣẹ́jú, fèrè ń dún. Èèyàn ni wọ́n ń sìn. Ìyàwó, tàbí olóyè, tàbí ọ̀rẹ́ tó ti ìrìn-àjò dé. Bí òde bá tán, kò sẹ́ni tó tún rántí mọ́tò. Mi ò fẹ́ bí àwọn kan ṣe ń jókòó sójú fèrèsé nígbà tí mọ́tò ń sáré. Ó ti pa ọmọ ọlọ́mọ rí.

Ibi tí ẹgbẹ́ onímọ́tò wà gan-an ní Ẹ̀pẹ́ ni abẹ́ igi mẹkáníìkì. Bẹ́ǹṣì onígi kan wà níbẹ̀, tí epo ti sọ di dúdú. Olùkọ́ tó gbé Golf rẹ̀ wá jókòó síbẹ̀, awakọ̀ dáńfó jókòó síbẹ̀, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kò bàjẹ́ náà jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìjọba, bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni méjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé mẹkáníìkì nìkan ló ń fọwọ́ kan irin. Ní Abingdon, nígbà òtútù, a máa ń ní alẹ́ iṣẹ́ nínú gàráàjì ẹnìkan: ẹni tó mọ kábúrétọ̀ á tú u palẹ̀ lójú gbogbo wa, á ní kí èmi náà tò ó padà. Obìnrin kan tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn àyè ẹnu pílọ́ọ̀gì. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iye tí Big Daddy ń tà lọ́jà, wọn ò mọ ibi tí omi rẹ̀ ń gbà jò.

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó sin ín. Ó ṣòro fún mi láti fara dà. Nílé, bí Mùsùlùmí bá kú láàárọ̀, ilẹ̀ kì í ṣú kí a tó sin ín. Kò sẹ́ni tí a ń fi ìwé pè. Ilé á ti kún, àga á ti dé láti ilé aládùúgbò, àwọn obìnrin á ti gbé ìkòkò kaná, yóò sì rí bẹ́ẹ̀ títí di fídáù ọjọ́ kẹjọ. Opó kì í dá nìkan sùn. Ní Abingdon, gbogbo ìsìnkú náà kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a tò mọ́tò wa tẹ̀lé pósí, gbogbo òrùlé ká sẹ́yìn nínú òjò wínníwínní, nítorí òun kì í gbé òrùlé sókè nígbà ayé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sunkún sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ẹnìkan nínú wa máa ń lọ sílé ìyàwó olóògbé láti tan mọ́tò náà, nítorí mọ́tò tó bá dúró pẹ́ ń bàjẹ́. Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, tíì á ti dé. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, a ṣì ń tan mọ́tò yẹn.

Mo sọ ìtàn yìí, àti ti ìrìn Ọjọ́ Àìkú wa, fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń tò mọ́tò tẹ̀lé ìyàwó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ fi ìwé ọ̀nà yẹn ránṣẹ́ ká rí i." Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ya tiwọn láti Ẹ̀pẹ́ dé Òkè-Ẹ̀rì lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi ibojì Bílíkísù Súńgbọ́, obìnrin olókìkí inú ìtàn Ìjẹ̀bú, nítòsí yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ ibẹ̀ ká, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó sì jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan. Wọn ò kọ máìlì kankan sínú ìwé náà. Mọ́ṣáláṣí, ilé epo, àti ìyá tó ń din àkàrà ni wọ́n fi ṣe àmì oríta. Mẹkáníìkì bá wọn lọ, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bẹ́líìtì lójú ọ̀nà.

Oúnjẹ ló wá di àríyànjiyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí oníkálukú máa ra tirẹ̀ bí a ṣe ń ṣe níbí. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà, ó ní èèyàn kì í wọ àgbàlá òun kó tún lọ ra oúnjẹ jẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Síbẹ̀ mo mọ ẹgbẹ́ tó túká nílé nítorí pé ẹni tí àlejò gbígbà kàn kò lágbára rẹ̀, ojú sì tì í, kò yọjú mọ́. Wọ́n ti fẹnu kò báyìí: owó díẹ̀ lóṣù lọ́wọ́ gbogbo wọn, ẹni tó bá gbàlejò ni wọ́n á kó o fún, ilé rẹ̀ ni wọ́n á ti se é. Oṣù tó ń bọ̀ ló kan ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìkọ́kọrẹ́ lòun máa sè, mo sì ti fi owó ẹja ránṣẹ́.