Àárẹ̀ méjì tí mo mọ̀

Nọ́ọ̀sì yẹn wọn ìfúnpá mi, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó tún un wọ̀n. 158 lórí 100. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mélòó lẹ bí?" Mo ní mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ lo oògùn yín, kí ẹ sì máa ṣeré ìdárayá nítorí wọn."

Ọdún 2019 nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó ní Òkè-Ìlẹ̀wó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, èmi ni mò ń bójú tó ìwé ìṣirò owó. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìdí mi kì í kúrò lórí àga àfi tí mo bá fẹ́ lọ tọ̀. Tó bá di alẹ́, mo á gun ọ̀kadà dé Ìtòkú, mo á gbá láfún mì, mo á sùn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ láfún.

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n gbọ́ràn sí nọ́ọ̀sì náà lẹ́nu. Mo wá jímù kan, mo san owó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí n má baà lè sá. Gbogbo ògiri ibẹ̀ ló jẹ́ dígí. Bí mo ṣe ń sáré lórí ẹ̀rọ ni mò ń wo ikùn mi tó ń mì, tí ọmọkùnrin kan tó gbọ̀ngbọ̀n bí igi ìrókò sì ń gbé irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo lọ. Ọjọ́ tó yẹ kí n lọ ẹ̀ẹ̀karùn-ún, òjò rọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni èmi àti aládùúgbò mi kan tún lọ ń sáré yí pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ po láàárọ̀ Sátidé. Lọ́sẹ̀ kẹta, orúnkún mi wú bí àkàrà. Mo gbé bàtà tí mo rà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà níbẹ̀ títí aláǹtakùn fi ṣe ilé sínú rẹ̀.

Mo wá gbà pé irú mi kọ́ ló ń ṣeré ìdárayá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí ìyà ni mo ṣe ń fi jẹ ara mi. Kò sí ẹni tó ń bẹ́ gìjà lọ síbi tí wọ́n ti máa nà án.

Epo bẹntiróòlù ló tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọlọ́kadà náà gbé owó wọn sókè. Mo jókòó, mo ṣírò ohun tí mo máa ná lóṣù láti Ìtòkú dé ibi iṣẹ́ (iṣẹ́ ìṣirò kúkú ni iṣẹ́ mi), mo pa ìwé dé, mo ní ẹsẹ̀ ni màá fi máa lọ láàárọ̀, màá sì máa wọ mọ́tò bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ojú ń tì mí. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ojúlùmọ̀ má baà ní ìyà ti ń jẹ mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé Abẹ́òkúta kì í jẹ́ kéèyàn ro àròjù tó bá ń rìn: bó o ṣe ń sọ̀ lo máa tún gòkè. Tí mo bá jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀, àwọn ìyá aládìrẹ ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ta aṣọ sórí okùn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn o," màá ní, "Ẹ kú ọjà, á tà o." Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, Olúmọ nìyẹn. Mítà 137 ni wọ́n ní orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí wọ́n dé ibí ní ọdún 1830. Màá gba Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn, màá já sí Kútọ̀, màá pọ́n òkè. Ìṣẹ́jú 45, nígbà mìíràn 50 tí mo bá pàdé ẹni tó lẹ́jọ́ lẹ́nu.

Ó máa tó oṣù méjì kí n tó fura. Mo dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, òógùn ti mú mi, mo wá rántí pé láti ìgbà tí mo ti jáde nílé, mi ò tíì rò ó lẹ́ẹ̀kan pé eré ìdárayá ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, àti pé ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lọ́nà ìṣẹ́jú 45, 225 nìyẹn. Mo ti kọjá ibẹ̀ láìmọ̀. Ó tún kọ́ mi bí mo ṣe máa mọ̀ pé ìrìn mi yá tó: kí n lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí n má lè kọrin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dán an wò pẹ̀lú orin ìsìn ní gẹ̀rẹ́ Kútọ̀. (Mi ò pa oògùn tì o. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn, kó máa lò ó, kó tún máa rìn.)

Ibí ni mo ti rí ohun tó mú mi kọ̀wé yìí. Àárẹ̀ méjì ló wà. Àárẹ̀ tí mo ń gbé dé láti ọ́fíìsì, ọrùn àti ojú ló máa ń wà. Kì í jẹ́ kí n sùn. Tí mo bá dùbúlẹ̀, orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó á máa tò kọjá lójú mi. Àárẹ̀ ìrìn, inú ẹsẹ̀ ló ń wà, ebi ló sì ń bá rìn. Tó bá mú èèyàn sùn, á sùn fọnfọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé wákàtí mẹ́wàá ni mo fi ń ra ti àkọ́kọ́, tí ìṣẹ́jú 45 péré sì jẹ́ ti èkejì.

Àsìkò náà ni mo pàdé ọ̀gá mi. Bàbá kan ló dúró ti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láàárọ̀ kan, wọ́n ń wọn ilẹ̀, ọmọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kò sì tíì dé. Wọ́n rí mi tí mo dúró ń wòran. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí ò ń wòran yìí, wá bá mi di ọ̀pá yìí mú." Mo dì í mú. Gíláàsì róbótó kan wà lára ọ̀pá náà, omi wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kékeré kan sì ń yí kiri nínú omi bí ojú ẹja. Wọ́n ní kí n rí i pé ó wà láàárín gbùngbùn. Mo rò pé eré ni. Bí mo bá mí, á lọ. Bí mo bá fẹ́ gbé e padà, á kọjá. Ìgbà tí mo fẹsẹ̀ méjèèjì múlẹ̀ dáadáa, tí mo fọkàn balẹ̀, ló tó dúró. Ogún ìṣẹ́jú ni mo lò níbẹ̀, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Máníjà fún mi ní kúèrì. Mo kọ èsì kúèrì náà tẹ̀ríntẹ̀rín, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí.

Mo bẹ bàbá náà kí n máa tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní, "Ní ọjọ́ orí rẹ yìí?" Ẹni ọdún 38 ni mí nígbà náà. Wọ́n fún mi ní àdá kí n máa la ọ̀nà nínú igbó. Ọwọ́ mi bó.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé ìwọ̀n ilẹ̀ ìlú olókè kò rọrùn bí ó ṣe rí lójú. Ká ní pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ 60 ẹsẹ̀ lọ́nà 120, tó sì dà gẹ̀rẹ́. Béèyàn bá tẹ́ téèpù mọ́lẹ̀ tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́ náà, tó dúró níbi tí téèpù ti pe 120, ilẹ̀ náà kò ní pé nínú pláànù, torí bí ẹyẹ ṣe ń wo ilẹ̀ látòkè ni wọ́n ṣe ń ya pláànù. Ńṣe la máa ń fa téèpù náà gbọọrọ, kó dọ́gba, ẹnì kan á so irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ okùn jù sísàlẹ̀ láti mọ ibi tó bọ́ sí, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ń ṣírò ìyẹn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun tí kò bá mọ ti téèpù. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń wáyé láàárín aládùúgbò, tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní olè, gẹ̀rẹ́ yẹn ló dá a sílẹ̀.

Èmi tí ìṣirò ti sú, ìṣirò náà kọ́ ni mo kórìíra, mo wá rí i. Èyí tí mò ń fi àga ṣe ni mo kórìíra.

Àwọn kan á ní kéèyàn kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kó tẹ̀ lé ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ó jọ pé wọn kì í san owó ilé-ìwé ọmọ. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń ṣe Sátidé nìkan kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì, mo sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nílé-ìwé gbogboǹṣe lọ́wọ́. Owó tó ń wọlé fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Èmi àti ìyàwó mi kò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Títí dòní, mi ò láṣẹ láti fọwọ́ sí pláànù. Ọ̀gá mi tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló ń fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ onílẹ̀ sì wà, tí wọ́n á yọ sí wa nínú igbó pé ta ló ní ká wá. Ẹ̀gún ń gún mi. Oòrùn ń pa mí. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ẹsẹ̀ ni mò ń gbé wálé.

Tí ẹnì kan bá ní kí n gba òun nímọ̀ràn lórí iṣẹ́, mi ò ní bi í pé kí ló fẹ́ràn. Mo ti fẹ́ràn nǹkan púpọ̀ rí. Màá bi í pé níbo ló ti máa ń rẹ̀ ẹ́ lálẹ́ Fúráídè, ṣé ó sì ń rí oorun sùn.

Ìfúnpá mi tí wọ́n wọ̀n kẹ́yìn jẹ́ 128 lórí 82, nọ́ọ̀sì náà kò sì tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi gbọ́ iye yẹn, ó ní òun náà fẹ́ máa rìn. Láàárọ̀ àná, a jọ jáde. A dé Sápọ́n, ó ní bàtà ń ta òun, ó gun ọ̀kadà padà sílé. Lálẹ́, mo gbọ́ ìró nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: bàtà eré mi ló fà jáde, ó ń gbọn aláǹtakùn inú rẹ̀ nù. Ó ní òun á bá mi dé Kútọ̀ lọ́la.