Ọmọ Ogun nílé, black ní Texas

Jos ni wọ́n bí mi sí o, ibẹ̀ náà ni mo ti ka prámárì àti sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n ìgbà tí JAMB dé, ọmọ ìpínlẹ̀ Ogun ni mí, torí ìpínlẹ̀ bàbá ẹni ni wọ́n ń bi èèyàn ní Naija, kì í ṣe ibi téèyàn ti jẹun dàgbà. Èmi àti dádì mi wọ mọ́tò lọ gba lẹ́tà ní lókà gọ́mẹ́ǹtì, akọ̀wé wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní agbolé wo? Dádì ló dá a lóhùn, èmi dúró sẹ́yìn wọn bí àlejò.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ní 2013 ó gba 127 nínú ìdánwò Unity School, sẹ́kọ́ńdírì ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní 131 ló kéré jù fún ọmọ Ogun, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin Zamfara, 4 péré! Obìnrin wọn, 2. (Àwọn Anambra ló rí nǹkan, 139.) Gbogbo wa la bú kọ́ọ̀tà, ìyẹn àyè ilé ìwé tí wọ́n ń pín ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀, lọ́jọ́ náà.

Àfi bí a ṣe dé Houston. Ní 2021, ọmọ mi àgbà ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì, wọ́n ní kó mú àwọ̀ tiẹ̀, kó tó pajú dé mo ti ní ó yá, black, máàkì ẹ̀. Èmi tí mo bú kọ́ọ̀tà nílé o! Kí n má parọ́, tiwọn kì í ṣe kọ́ọ̀tà, láti 1978 ni kóòtù wọn ti ní wọn ò gbọdọ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọ̀ kankan, nígbà náà wọ́n kàn ń wo àwọ̀ mọ́ nǹkan míì ni. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa, black tí wọ́n kó àwọn baba ńlá ẹ̀ wá bí ẹrú, sọ fún mi ní ẹ̀yìnkùlé pé, ẹ̀yin fi pléènì dé, àpótí kan náà la jọ ń máàkì. Mi ò rí èsì, mo ń yí ẹran tó wà lórí iná.

Ní oṣù kẹfà 2023, Supreme Court Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ yunifásítì Harvard àti ti North Carolina, wọ́n ní kí wọ́n má wo àwọ̀ mọ́. Ọmọ ẹni tó ti ka yunifásítì náà rí ṣì ń rí ojúrere láwọn ibì kan, ìyẹn ò kan kóòtù. Ṣùgbọ́n Roberts, adájọ́ àgbà wọn, ní ọmọ lè kọ ohun tójú ẹ̀ rí nítorí àwọ̀ sínú àròkọ.

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ọmọ mi àgbà náà jókòó, ó kọ ọ́, bí tíṣà ṣe máa ń dákẹ́ tó bá kan orúkọ ẹ̀, tóun á yáa dáhùn kí wọ́n tó bà á jẹ́. Ó ní mọ́mì, ẹ bá mi kà á. Lókè pátápátá, ó kọ pé ọmọ Ogun lòun.

Kò dé Ogun rí.