Ṣé alùpùpù lè fo mítà 43?

Ní 31 Oṣù Kejìlá 1967, Evel Knievel, ará Amẹ́ríkà tó máa ń fi alùpùpù fo nǹkan, fo orísun omi òtẹ́ẹ̀lì Caesars Palace ní Las Vegas, bíi mítà 43, ó sì ṣubú nígbà tó balẹ̀. Ká ní pèpéle tó ti gbéra dagun ní dígírì 15: 43 lọ́nà 9.8 (agbára òòfà ilẹ̀), pín in sí sáìnì 30, ìyẹn igun náà lọ́nà méjì (0.5), ó di 843, tí í ṣe eré tó nílò lọ́nà ara rẹ̀. 29 lọ́nà 29 ló sún mọ́ ọn jù: mítà 29 ní sẹ́kọ́ǹdù, kìlómítà 105 ní wákàtí. Alùpùpù lè sá eré yẹn dáadáa. Afẹ́fẹ́ á sì tún béèrè díẹ̀ sí i.

Ẹ má gbójú fo igun o! Ní dígírì 20, kìlómítà 92 ní wákàtí ti tó.

Wá ka àwòrán fíìmù látìgbà tí táyà ẹ̀yìn bá kúrò nílẹ̀. Ní dígírì 15, á lo bíi sẹ́kọ́ǹdù 1.5 lófuurufú; bí fíìmù bá ń ya àwòrán 24 ní sẹ́kọ́ǹdù, nǹkan bí àwòrán 37 ló yẹ. Bó bá jẹ́ 80, wọ́n ti dẹ eré fíìmù náà.