Ìwé kékeré fún àyẹ̀wò ara ẹni

Benjamin Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, fa ìlà sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́ 7 lókè, ìwà rere 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwà kan ló ń gbájú mọ́ lọ́sẹ̀ kan. Tó bá dalẹ́, á fi àmì dúdú síbi tó ti ṣàṣìṣe. Ètò, ìyẹn kí gbogbo nǹkan wà ní ààyè rẹ̀, ló yọ ọ́ lẹ́nu jù.

Mẹ́tàlá ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́. Mú mẹ́ta. Má kọ “kí n ní sùúrù”. Kọ “mi ò ní fèsì nígbà tínú bá ń bí mi”, torí o lè ka iye ìgbà tí o fèsì bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹrin wà fún ẹ̀kọ́: ohun kan tí o kà tàbí tí o wò, tí wàá dán wò kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Bí o kò bá tíì dán an wò, má wo fídíò mìíràn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: fídíò ìránṣọ ogún, abẹ́rẹ́ ò tíì kan aṣọ!

Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lálẹ́. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń di ìdárò. Bí àmì dúdú bá kún ìlà kan fọ́sẹ̀ mẹ́ta, yẹ oorun àti oúnjẹ rẹ wò kí o tó dá ara rẹ lẹ́bi.